Èmi Jókòó, Ìyá Ọkọ Mi Ń Fọṣọ

Ọjọ́ Ajé, 2 Òkúdu 2025

Mo ti lọ́kọ! Ẹ bá mi yọ̀, mo ti lọ́kọ! Bí mo bá jí láàárọ̀, màá kọ́kọ́ fọwọ́ kan òrùka ìka mi bóyá ó ṣì wà níbẹ̀, màá wá yíjú wo Súnkànmí bó ṣe lanu sílẹ̀ tó ń sùn bí ọmọ ọwọ́, màá sì fi ìrọ̀rí bo ẹ̀rín mi mọ́lẹ̀. Òjò ò dá láti àná, omi ti gba gbogbo Ajégúnlẹ̀, àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń gbé bàtà lọ́wọ́ kọjá níwájú wíńdò wa, èmi ò rí ohun tó burú nínú ẹ̀. Òjò dára. Omi dára. Gbogbo ayé ló dára lójú mi.

Perpetual ọ̀rẹ́ mi ló fún mi ní ìwé yìí, ó ní kí n máa kọ adùn ilé ọkọ sínú ẹ̀. Adùn ni màá kọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, nítorí ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí wọ́n mú mi dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ mi, tí àwọn obìnrin ilé ń fi omi tútù fọ ẹsẹ̀ mi, Àdùfẹ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, dúró lé mi lórí, ó ní, "Ẹ fọ̀ ọ́ kó mọ́ dáadáa o. Láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ ẹlẹ́sẹ̀ yìí nílé wa ni màmá mi ò ti fojú kan oorun." Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí ìyàwó kì í fajú ro lọ́jọ́ ìyàwó. Màámi, ìyá ọkọ mi, kò tilẹ̀ jáde nínú yàrá wá wo ojú mi.

Lẹ́nu, "Àǹtí mi" ni màá máa pè é, orí ìkúnlẹ̀ ni màá sì ti máa pè é. Nínú ìwé yìí, Àdùfẹ́ lásán ni. Màá gbẹ̀san. Mi ò tíì mọ bí màá ṣe gbà á, ṣùgbọ́n tẹ̀ríntẹ̀rín ni màá fi gbà á.

Ọjọ́ Ẹtì, 6 Òkúdu

Iléyá. Bàbá Sàláwù, àbúrò olóògbé bàbá ọkọ mi, fi itan àgbò ránṣẹ́ sí wa. Mo dín ẹran náà, gbogbo ilé ń ta sánsán. Màámi mú ẹyọ kan, wọ́n dì í mú títí ó fi tutù, wọ́n dá a padà sínú abọ́.

Yàrá méjì la ní, tiwọn àti tiwa, ògiri kan ló pín wa. Mo ń gbọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń jí kí àwọn Mùsùlùmí tó pe ìrun, wọ́n á wá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á máa wo ògiri. Wọ́n ní orí àwọn ń gbóná, pé bíi pé èèrà ń rìn nínú ẹ̀. Wọ́n ní àyà àwọn ń já láìsí ohun tó já a.

Mo bi ọkọ mi láti ìgbà wo. Ó ní, "Ó ti lé lọ́dún kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti lé àwọn alápò ni."

Iṣẹ́ àpò ni Màámi ń ṣe. Wọ́n á ra àpò ìyẹ̀fun tó ti ya lọ́wọ́ àwọn oníbúrẹ́dì, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ ńlá rán an, àwọn eléèédú àti onígàrí á wá rà á. Ẹ̀bá ògiri kan ní Àpápá ni àwọn àti ẹgbẹ́ wọn ń jókòó sí, kí wọ́n tó lé gbogbo wọn kúrò kí tírélà lè ráyè dúró. Bàbá Súnkànmí kú lóṣù tó tẹ̀ lé e.

Ó ti lé lọ́dún kan! Mi ò tíì mọ Súnkànmí nígbà yẹn! Mi ò tíì mọ ọ̀nà ilé wọn! Àdùfẹ́, o pa irọ́ mọ́ ẹsẹ̀ mi lójú gbogbo ayé, mo sì ti mú ọ báyìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10 Òkúdu

Mo ti rí ọ̀nà ẹ̀san mi. Màá wo Màámi sàn. Ọwọ́ èmi tí wọ́n ní ẹsẹ̀ mi ò dára yìí ni wọ́n máa ti gbádùn, gbogbo ẹni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà ló máa rí i, ahọ́n Àdùfẹ́ á sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Mo mú wọn lọ sí ilé ìlera ìjọba, mo ní kí wọ́n bá wa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Sister Eucharia ló gbà wá. Kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù mí lọ, ọmọ Íbò ni, Yorùbá ẹ̀ sì já gaara. Ẹ̀jẹ̀ ò ru. Ó yẹ kó ní ká máa lọ, ṣùgbọ́n ó fa àga ẹ̀ sún mọ́ Màámi.

"Mama, ẹ̀ ń sùn?"

"Oorun wo?"

"Oúnjẹ ńkọ́?"

"Bí ewúro ló rí lẹ́nu mi."

"Nǹkan tó máa ń múnú yín dùn tẹ́lẹ̀, ṣé ó ṣì ń mú un dùn?"

Omi kàn ń bọ́ lójú Màámi, wọn ò tilẹ̀ nù ún.

Sister ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n ń pè é, pé àìsàn bí àìsàn yòókù ni, pé ojoojúmọ́ ló ń rí àwọn tó ní in. Ó fún wọn ní oògùn tí wọ́n á máa lò ní ìrọ̀lẹ́, ó ní kò ní ṣiṣẹ́ kíákíá, ó máa tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ká má sọ pé kò ṣiṣẹ́ ká wá dà á nù. Ó ní ta ló ń bá wọn gbé. Mo ní èmi. Ó ní, "Ìwọ wá ni oògùn kejì. Gbogbo ìgbà tí Mama bá ń bọ̀, ìwọ náà ń bọ̀."

Mo bi í ní jẹ́jẹ́ kí Màámi má gbọ́: "Sister, ṣé ẹsẹ̀ ìyàwó lè fa irú àìsàn yìí?"

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹsẹ̀ tí o fi rìn wá síbí lónìí yẹn? Òun ló máa wò ó sàn."

Ó wù mí kí n dì mọ́ ọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Òkúdu

Kò sí ìyàwó bíi tèmi ní gbogbo Ajégúnlẹ̀! Èmi ni mò ń pọn omi, èmi ni mò ń gbé e kaná, èmi ni mò ń fọ ẹ̀yìn Màámi, èmi ni mò ń fọ aṣọ wọn tí mò ń lọ̀ ọ́, àní ẹja inú ọbẹ̀ pàápàá, màá yọ egungun inú ẹ̀ tán kí n tó gbé e síwájú wọn. Wọn ò fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan.

Lónìí wọ́n na ọwọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fa àpò ìyẹ̀fun kan jáde, wọ́n ń wá abẹ́rẹ́. Kíá, mo ti gbà á. "Háà, Màámi! Kí làwọn ará àdúgbò máa sọ sí mi? Ṣé mi ò sí nílé ni?" Wọ́n wò mí. Wọ́n jọ̀wọ́ àpò náà. Wọ́n padà lọ dùbúlẹ̀.

Àdùfẹ́ wá lọ́sàn-án láti Olódi. Ó fọwọ́ ra ojú wíńdò wò bóyá eruku wà níbẹ̀. Kò sí. Ó ṣí ìkòkò. Ọbẹ̀ wà níbẹ̀. Ó wo èékánná ìyá ẹ̀. Mo ti gé e. Kò rí nǹkan kan sọ! Ó kàn pọ̀ṣẹ́ nígbà tó ń lọ. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ó dàbọ̀ o, Àǹtí mi," mo sì jó wọ inú yàrá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17 Òkúdu

Tòmátò ti di wúrà. Mo fi tàtàṣé lọ̀ ọ́ pọ̀. Súnkànmí ò mọ̀, ó lá abọ́.

Ọjọ́rú, 25 Òkúdu

Inú mi ò dùn lónìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí látọjọ́ tí mo ti délé yìí.

Màámi ò dìde mọ́. Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ṣì ń jáde sí ìta gbangba láti jókòó. Ní báyìí orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n wà láti àárọ̀ dé alẹ́, ojú sí ògiri. Mo gbé ẹ̀kọ tútù lọ bá wọn, mo fẹ́ fi síbí bù ú sí wọn lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ọmọ́lẹ́yẹ, má ṣe wàhálà mọ́. Ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run ni pé kí n má jí lọ́la."

Síbí bọ́ lọ́wọ́ mi, ẹ̀kọ dà sórí ẹní. Gbogbo ohun tí mo ṣe yìí! Bí Màámi bá kú sí mi lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ Àdùfẹ́ ti di òótọ́ nìyẹn. Mi ò ní lè gbé láàárín wọn mọ́. Àní bí wọn ò tiẹ̀ lé mi, mi ò ní lè gbé ibẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 26 Òkúdu

Sister Eucharia kọ́kọ́ bá Màámi nìkan sọ̀rọ̀, ó pẹ́. Nígbà tó jáde ó ní kí n má fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan lọ́sẹ̀ yìí, kí oògùn máa wà lọ́dọ̀ mi, kí n máa bù ú fún wọn níwọ̀n. Ó fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀. Ó wá bi mí:

"Kí ni Mama ṣe lánàá?"

"Wọn ò ṣe nǹkan kan o, Sister! Èmi ni mo ṣe gbogbo ẹ̀." Mo gbé àyà síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀bùn.

"Níjẹta ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

"Ta ló wẹ̀ wọ́n láàárọ̀ yìí?"

"Èmi ni, Sister."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Ìyàwó, wo ojú mi. Obìnrin yìí ti ń fọwọ́ ara ẹ̀ jẹun láti kékeré. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọkọ ẹ̀ kú. Garawa omi àti abẹ́rẹ́ ló ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́, o sì ti gba ìyẹn náà. Kí lo fẹ́ kó wá jí fún?"

Mo ní, "Sister, ìyàwó tuntun ni mí! Ṣé kí èmi jókòó, kí ìyá ọkọ mi máa fọṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Lójú àwọn èèyàn?"

"Lójú wọn. Díẹ̀ díẹ̀ ni. Kí wọ́n wẹ̀ fúnra wọn. Kí wọ́n fọ aṣọ tiwọn. Tó bá yá, kí wọ́n rán àpò ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ṣe é, kí wọn kú iṣẹ́ dáadáa. Bí wọn ò bá lè ṣe é lónìí, má bá wọn jà. Ṣùgbọ́n má gbà á lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ tìẹ ni kí o jókòó."

Nínú kẹ̀kẹ́ ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ti yé mi délẹ̀, mo sì bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ bojú wẹ̀yìn wò mí. Obìnrin tí kò jáde wá kí mi lọ́jọ́ ìyàwó mi! Tó bi Súnkànmí pé kí ló fẹ́ fi èmi ọmọ ẹ̀bá rélùwéè Badia ṣe! Ilé ìlera ìjọba ti ní kí èmi jókòó, kí n máa rán an níṣẹ́. Ta ló tún fẹ́ ẹ̀san jù báyìí lọ?

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Òkúdu

Mo gbé àga sí ìta gbangba, mo na ẹsẹ̀ gbọọrọ, mo ní, "Màámi, aṣọ yín wà nínú báàfù o." Mo gbọ́ adùn ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi bí oyin.

Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó jáde. Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ti dàrú. Wọ́n lóṣòó sídìí báàfù, wọ́n ń rẹ búláòsì kan ṣoṣo bọ inú omi. Nígbà tó yá wọ́n dúró, wọ́n ń mí hẹlẹ hẹlẹ. Mo di apá àga mú kí n má baà sáré lọ gbà á. Ta ló mọ̀ pé ìjókòó lè rẹ èèyàn tó báyìí?

Búláòsì kan. Ọṣẹ ṣì wà lára ẹ̀ nígbà tí wọ́n sá a. Mo ní, "Màámi, ẹ kú iṣẹ́." Wọ́n wọlé lọ.

Ọjọ́ Ajé, 30 Òkúdu

Ese tó ń gbé yàrá kejì sí wa kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó dúró sáàárín ilé, ó káwọ́ lérí: "Iyawo! Shame no dey catch you? Mama dey wash, you siddon like madam!"

Mo ní, "Àǹtí Ese, nọ́ọ̀sì ló ní kí n jókòó."

"Nọ́ọ̀sì wo? Jọ̀ọ́, ṣé kò lè bá mi kọ irú oògùn yẹn fún ìyá ọkọ tèmi ní Warri?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ ra iyọ̀, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ dákẹ́ lójijì. Mo mọ irú ìdákẹ́ yẹn.

Ọjọ́ Ẹtì, 4 Agẹmọ

ÀPÒ KAN! Màámi rán àpò kan tán! Ní àárọ̀, nígbà tí mo bi wọ́n bí mo ṣe ń bi wọ́n lójoojúmọ́ pé kí ni wọ́n fẹ́ ṣe lónìí, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n padà sí i, wọ́n ń kùn pé ojú abẹ́rẹ́ ayé ìsinsìnyí ti kéré jù. Mi ò dìde. Mo jókòó bí òkúta. Nígbà tó di ọ̀sán wọ́n gé okùn náà pẹ̀lú eyín, wọ́n na àpò sókè, wọ́n wò ó lójú oòrùn bóyá ihò ṣẹ́ kù.

Wọ́n jẹ ìrẹsì. Wọ́n ní ata ẹ̀ ò tó. Súnkànmí dé láti ibi tó ti ń ka kọ̀nténà ní èbúté, mo sáré pàdé ẹ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní, "Ata ẹ̀ ò tó! Wọ́n ní ata ẹ̀ ò tó!" Ó rò pé mo ti ya wèrè. Mo nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Agẹmọ

A jà. Ìjà àkọ́kọ́.

A ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, Màámi sì ń gbé ààbọ̀ garawa omi bọ̀ láti ibi táàpù, èmi ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, ọwọ́ lásán. Àwọn ọ̀rẹ́ Súnkànmí dúró níbẹ̀. Ojú tì í, ó já garawa gbà lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Nígbà tí a wọlé ó ní, "Ọmọ́lẹ́yẹ, sọ òótọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ tí Àǹtí sọ sí ẹ lọ́jọ́ ìyàwó lo fi ń jẹ màmá mi níyà?"

Mo lanu láti búra, mi ò lè búra. Mo fẹ́ kí Màámi gbádùn. Mo tún gbádùn kí n jókòó. Méjèèjì ni. Mo kàn gbé fóònù fún un, mo ní, "Pe Sister."

Ó jáde lọ pè é. Nígbà tó padà, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Mi ò mọ gbogbo ohun tí Sister sọ fún un. Ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó ní, "Ó ní èmi náà kí n jókòó."

Lẹ́yìn náà Màámi tún jáde lọ pọn omi. Àwa méjèèjì jókòó pọ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó fún un títí tó fi ń dùn mí. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti bínú.

Ọjọ́rú, 9 Agẹmọ

Àdùfẹ́ já wọlé láìsọtẹ́lẹ̀. Mo wà lórí àga. Màámi wà nídìí báàfù, ṣẹ́ẹ̀tì Súnkànmí lọ́wọ́ wọn, ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ TÈMI, tí wọ́n fa jáde fúnra wọn nítorí wọ́n ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ kọ́là.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Ẹrú lo sọ ìyá mi dà!" Gbogbo ilé jáde. "Ọmọ Badia! O gbé oògùn oorun fún ìyá mi kí o lè máa lò wọ́n bí ọmọ ọ̀dọ̀!"

Mo kúnlẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ káàbọ̀, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Máa ṣàlàyé fún Bàbá Sàláwù! Ọjọ́ Àìkú la ń bọ̀. Ilé àdúrà kan wà ní Ìkòròdú, ibẹ̀ ni ìyá mi ń lọ, wọn ò sì ní fojú kan kóró oògùn níbẹ̀ mọ́."

Mo pe Sister. Ó ní bí wọ́n bá dá oògùn náà dúró báyìí, ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà padà le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rántí ọ̀rọ̀ tí Màámi sọ nígbà tí ẹ̀kọ dà sílẹ̀, ẹ̀rù bà mí.

Àmọ́ mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi. Mo ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń gbálẹ̀, mo ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń gé àlùbọ́sà. Ọdún kan ṣáájú ìgbéyàwó mi ni àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wọn wà níbẹ̀, kí lẹ ṣe? Màá sọ ọ́ lójú ẹbí. Màá sọ ọ́ kó wọ Àdùfẹ́ légungun.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Agẹmọ

Kí n kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Bàbá Sàláwù jókòó sórí àga, Àdùfẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, báàgì tó ti fẹ́ kó aṣọ Màámi sí wà nílẹ̀. Súnkànmí dúró. Èmi kúnlẹ̀, ọ̀rọ̀ mi ti kún mi lẹ́nu. Màámi jókòó sórí àpótí kékeré wọn lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, wọ́n ń rán àpò. Wọn ò gbójú sókè.

Àdùfẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ pẹ́. Báàfù, garawa, àga mi, ẹsẹ̀ mi tí mo nà, kò fi ọ̀kan sílẹ̀. Bàbá Sàláwù yíjú sí mi. "Ìyàwó, ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Bàbá."

"O jókòó, ìyá ọkọ rẹ ń fọṣọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá." Mo fa èémí sínú. Ó ti tó àsìkò. Mo lanu.

"Ọkọ mi," ni Màámi wí. Bàbá Sàláwù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, nítorí àbúrò ọkọ wọn ni. Wọn ò tíì gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ẹ má bínú. Mi ò lè lọ sí Ìkòròdú."

Àdùfẹ́ ní, "Màámi, àwa là ń sọ̀rọ̀, ẹ fara balẹ̀."

"Collins eléèédú ń bọ̀ wá kó àpò láàárọ̀ ọ̀la. Mo ti ṣèlérí fún un. Bí mo bá lọ, ta ló máa rán an?"

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ yìí ló gùn jù tí wọ́n ti sọ lójú èèyàn látọdún tó kọjá, gbogbo wa ló mọ̀ ọ́n.

Bàbá Sàláwù fara balẹ̀ bi wọ́n, "Ìyá Àdùfẹ́, ṣé ìyàwó yìí ń fìyà jẹ yín?"

Màámi wò mí. "Alágídí ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ kọ́là. Ṣùgbọ́n gbogbo àárọ̀ ló ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ ṣe lónìí. Kò sí ẹlòmíràn tó bi mí bẹ́ẹ̀ látìgbà tí bàbá wọn ti kú."

Bàbá Sàláwù ní, "Ó parí. Kí wọ́n máa lo oògùn wọn. Àdùfẹ́, nígbà tí wọ́n bá tún ń lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn, ìwọ náà bá wọn lọ."

Mo ti borí. Mo ti borí tefétefé! Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo tò láti ọjọ́rú ṣì wà nínú mi, odidi, mi ò sọ ẹyọ kan nínú ẹ̀. Ó ń dùn mí bí oúnjẹ tí kò dà.

Ọjọ́bọ̀, 17 Agẹmọ

Ìdajì ojú pópó ló wà lábẹ́ omi, onítírélà kan ti dábùú ọ̀nà, ẹsẹ̀ la fi rìn parí ẹ̀. Àdùfẹ́ wá. Ó wọ gèlè lọ sí ilé ìlera, bí ẹni tó ń lọ sí kóòtù.

Sister bi Màámi bóyá kí òun sọ fún ọmọ wọn. Màámi ní kó sọ ọ́. Sister wá sọ ohun tí Màámi ń bẹ Ọlọ́run fún lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ dà sílẹ̀. Kò gbóhùn sókè.

Mo ti la ojú mi sílẹ̀ de àkókò yẹn. Mo wo Àdùfẹ́ dáadáa, mi ò ṣẹ́jú. Gèlè ṣí, kò tún un so. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Màámi, mi ò mọ̀." Ó yíjú sí mi, ojú ẹ̀ rí bíi ti ọmọdé. Ó dùn mọ́ mi nínú! Bí àgbàdo tuntun ló ṣe dùn. Adùn náà bá mi dé ibi tí wọ́n ti ń wọ kẹ̀kẹ́, níbẹ̀ ló ti tán, mo wá rí i pé obìnrin kan ni mo jókòó tì tó ń sunkún nítorí ìyá ẹ̀.

Mo fẹ́ kí adùn náà pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí a tó kúrò lọ́dọ̀ Sister, ó ti sọ pé ẹnì kan ò lè dá ìtọ́jú ṣe, pé ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà gbọ́dọ̀ máa sinmi. Ó ní ta ló máa gba ìyàwó sílẹ̀? Ẹnu mi yá ju ti gbogbo wọn lọ: "Àǹtí mi ń bọ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, Sister. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́." Àdùfẹ́ ò lè sọ pé rárá.

Mo ti ra ẹ̀wù ìlúwẹ̀ẹ́. Pupa.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Agẹmọ

Tàkwá Bay! Orí iyanrìn ni mo ti ń kọ ọ́! Látọjọ́ tí a ti ṣègbéyàwó, èmi àti Súnkànmí ò tíì dá wà níbì kan ní ọ̀sán gangan. Ọkọ̀ ojú omi gbé wa kọjá láàárín àwọn ọkọ̀ òkun ńlá tó tò síta Àpápá, ọkọ mi ń ka orúkọ tó wà lára wọn fún mi bí ẹni tó ń ka orúkọ ẹran ọ̀sìn ẹ̀. Òjò ò rọ̀. Owó ọkọ̀ ga, ẹja yíyan tún ga jù ú lọ, a jẹ méjì.

Fóònù dún. Àdùfẹ́ ni.

"Ìyàwó, Màámi ti gbé báàfù jáde o. Wọ́n ní aṣọ ni àwọn fẹ́ fọ̀. Mo fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wọn, wọ́n tì mí dànù."

"Ẹ má gbà á, Àǹtí mi."

"Gbogbo ilé ló ń wò mí! Ese ń pariwo pé irú ọmọ wo ló ń fẹsẹ̀ lérí ẹsẹ̀ tí ìyá ẹ̀ ń fọṣọ!"

Mo gbọ́ Ese lóòótọ́, Pidgin ń tú jáde bí omi táàpù. Mo tún gbọ́ ohùn Màámi, ó le, ó já gaara: "Àdùfẹ́, kúrò lójú oòrùn mi, o ò rí i pé mò ń sá aṣọ ni?"

"Ìyàwó, jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ fa àga, Àǹtí mi. Kí ẹ jókòó."

Mo pa fóònù. Ọkọ mi ń pè mí láti inú omi, ẹ jẹ́ kí n lọ.